Ìdíwọ̀n Ìwúlò Ẹ̀dá Nínú Ìdíje Pokémon

Pokémon jẹ́ géèmù tí ilé-iṣẹ́ Game Freak ti orílẹ̀-èdè Japan ṣe, tí Nintendo sì gbé jáde ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1996 fún ẹ̀rọ ìṣeré alágbèéká tí a ń pè ní Game Boy. Satoshi Tajiri ni olórí àwọn tó ṣe é. Nínú géèmù náà, ènìyàn a máa mú àwọn ẹ̀dá abàmì nínú igbó, nínú odò àti nínú ihò àpáta, a máa tọ́ wọn dàgbà, a sì máa kó wọn lọ bá ẹ̀dá ẹlòmíràn jà. Wáyà ni wọ́n fi ń so Game Boy méjì pọ̀ kí ọ̀rẹ́ méjì lè díje. Ẹ̀dá 151 ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Lónìí wọ́n ti ju 1,000 lọ. Ṣùgbọ́n olùdíje kò lè kó ju mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí èyí ni ìbéèrè kan ṣe wà ní ìdí gbogbo ìdíje Pokémon: èwo nínú àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ló wúlò, ọ̀nà wo ni a sì fi ń mọ̀ ọ́n? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ti yí padà léraléra. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ara ẹ̀dá fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tó yí i ká. Níkẹyìn ni wọ́n ń ka ohun tí àwọn olùdíje ń yàn. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tún àṣìṣe èyí tó ṣáájú rẹ̀ ṣe, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní àṣìṣe tirẹ̀.

Òǹkà tí a bí mọ́ ẹ̀dá

Gbogbo ẹ̀dá inú géèmù náà ló ní òǹkà tí a bí mọ́ ọn. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, márùn-ún ni àwọn òǹkà yìí: ẹ̀mí, ìkọlù, ìgbèjà, agbára àkànṣe àti ìyára. Ẹ̀mí ni iye ìyà tí ẹ̀dá lè jẹ kí ó tó ṣubú. Ìkọlù àti ìgbèjà jẹ mọ́ lílù àti gbígba lílù. Agbára àkànṣe jẹ mọ́ iná, omi, mànàmáná àti irú wọn. Ìyára ló ń sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi wọ́n wé ara wọn ni kí a ro márààrún pọ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, Mewtwo ló ga jù lọ: 106, 110, 90, 154 àti 130, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 590. Kò sí ẹ̀dá mìíràn nínú 151 náà tó dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje Nintendo Cup ti ọdún 1997 ní Japan, òfin ìdíje náà yọ Mewtwo àti Mew kúrò. Ìdí rẹ̀ kò le láti rí: bí gbogbo ènìyàn bá lè mú Mewtwo wá, yíyàn kò ní ìtumọ̀ mọ́.

Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé àpapọ̀ òǹkà nìkan kò tó. Dragonite ní àpapọ̀ 500, Tauros ní 450, síbẹ̀ Tauros ni àwọn ògbóǹtarìgì ń gbára lé. Ìyára Tauros jẹ́ 110, ti Dragonite jẹ́ 80. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ yìí, ìyára kò mọ sí ẹni tí yóò ṣíwájú nìkan; òun náà ló ń pinnu bí ẹ̀dá yóò ṣe máa ṣe kòńgẹ́ ìlù tó dunni jù lọ. Ẹni tó bá yára ń jèrè lẹ́ẹ̀mejì lórí òǹkà kan ṣoṣo. Ní ti Dragonite, ẹ̀yà Dírágónì àti ti Fífò ló pọ̀ lára rẹ̀, èyí sì mú kí ìlù yìnyín dùn ún ní ìlọ́po mẹ́rin. Yìnyín sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀dá, nítorí pé àwọn ẹ̀yà Omi lè kọ́ ọgbọ́n ìjà tí a ń pè ní Blizzard, tí í máa ń bá ọ̀tá ní ìgbà 90 nínú 100 ní ẹ̀dà tí wọ́n tà ní òkè òkun.

Àṣìṣe àwọn tó kọ ètò géèmù náà tún wọ inú ọ̀ràn. Inú géèmù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé ẹ̀yà Iwin lágbára lórí ẹ̀yà Ọpọlọ, èyí tí Mewtwo wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ ètò náà, ìlù Iwin kò ràn wọ́n rárá. Ẹ̀yà Kòkòrò nìkan ló kù tó lè bá wọn kanlẹ̀, ọgbọ́n ìjà tirẹ̀ kò sì ní agbára. Ẹ̀yà Ọpọlọ gbòde bí ẹni tí kò ní ọ̀tá. Nígbà tí Gold àti Silver jáde ní 1999, wọ́n tún èyí ṣe, wọ́n sì fi ẹ̀yà Òkùnkùn àti ẹ̀yà Irin kún un. Ìlù ẹ̀yà Ọpọlọ kò ran ẹ̀yà Òkùnkùn rárá. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pín agbára àkànṣe sí méjì, ọ̀kan fún ìkọlù, ọ̀kan fún ìgbèjà. Chansey, tí agbára àkànṣe rẹ̀ jẹ́ 105 tẹ́lẹ̀, di ẹni tó ní 105 fún ìgbèjà àti 35 péré fún ìkọlù. Òfin ayé tó ń gbé ló yí padà tí iṣẹ́ tó lè ṣe fi yí padà pẹ̀lú.

Ohun tí òǹkà kò lè sọ

Ní 2002 ni Ruby àti Sapphire jáde. Láti ìgbà náà ni ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ti ní àdámọ́, èyíinì ni ìwà tàbí agbára kan tó ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé olùdíje pàṣẹ fún un. Àdámọ́ ló já irọ́ àpapọ̀ òǹkà pátápátá. Ẹ jẹ́ kí a wo Slaking. Àpapọ̀ òǹkà rẹ̀ jẹ́ 670, ó fi 10 péré dín sí ti Mewtwo lábẹ́ ìṣirò tuntun. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni: bí ó bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò sinmi nígbà tó tẹ̀ lé e. Alátakò tó bá mọ èyí yóò dáàbò bo ara rẹ̀ nígbà tí Slaking ń ṣiṣẹ́, yóò sì lù ú nígbà tó ń sinmi.

Wobbuffet ni òdìkejì rẹ̀. Àpapọ̀ òǹkà rẹ̀ jẹ́ 405, ìyára rẹ̀ jẹ́ 33, kò sì ní ọgbọ́n ìjà kankan tó lè fi kọ́kọ́ lu ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá ìlù padà fún ẹni tó lù ú, ní ìlọ́po méjì. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1999, ẹni tó bá pàdé rẹ̀ kàn lè pe ẹ̀dá rẹ̀ padà kí ó sì fi òmíràn rọ́pò. Ní 2002 ni wọ́n fún un ní àdámọ́ tí kò jẹ́ kí alátakò sá kúrò níwájú rẹ̀. Ó lè wá fi agbára mú ọ̀tá kí ó máa tún ohun kan náà ṣe, kí ó sì máa fi ìyà jẹ ẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn olùdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì kà á léèwọ̀ nínú ìdíje gbogbogbòò, wọ́n sì fi í sí ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú Mewtwo. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ.

Ohun tó yí ẹ̀dá ká

Diamond àti Pearl, tó jáde ní 2006, kọ́ àwọn olùdíje ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Inú rẹ̀ ni ọgbọ́n ìjà Stealth Rock ti kọ́kọ́ jáde. Olùdíje a fọ́n òkúta mímú sí iwájú ọ̀tá, òkúta náà a sì máa gún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé. Ẹ̀dá tí òkúta kò ní ohun kan pàtó sí a pàdánù ìdá kan nínú mẹ́jọ ẹ̀mí rẹ̀. Charizard, tí ó jẹ́ ẹ̀yà Iná àti Fífò, a pàdánù ìdajì. Charizard gbajúmọ̀ gan-an láàárín àwọn ọmọdé, àpapọ̀ òǹkà rẹ̀ jẹ́ 534, kò sì sí ohun tó burú lára rẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò ló sọ ọ́ di aláìwúlò.

Garchomp, tó jáde ní ọdún yẹn kan náà, fi hàn bí ohun kékeré ṣe lè tó nǹkan. Ìyára rẹ̀ jẹ́ 102. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá alágbára ìgbà náà, bíi Salamence, Zapdos àti Celebi, dúró sí 100. Bí a bá tọ́ wọn bákan náà, Garchomp ni yóò máa ṣíwájú wọn nígbà gbogbo. Bí ó bá jẹ́ 99 ni, ẹ̀yìn gbogbo wọn ni yóò wà. Ẹni tó mọ ayò ta yóò tètè lóye èyí: ọmọ ayò kan kò dá níye lórí, ilé tó wà àti iye ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ ló ń sọ bóyá yóò jẹ.

Kíka ìlò

Ẹgbẹ́ tó mú ìdíwọ̀n yìí di ètò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni Smogon, tí wọ́n dá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kejìlá ọdún 2004. Kì í ṣe ti Nintendo. Àwọn olùdíje fúnra wọn ló ni ín. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni pé wọn kò bi ara wọn pé báwo ni ẹ̀dá kan ṣe lágbára tó, bí kò ṣe pé mélòó nínú àwọn olùdíje ló ń mú un. Ẹ̀dá tí ìlò rẹ̀ bá kọjá ààlà kan bọ́ sí ìsọ̀rí òkè. Èyí tí kò bá dé ààlà náà bọ́ sí ìsalẹ̀, níbi tí àwọn ti òkè kò ti lè wá bá a jà.

Ààlà yìí ní ìtumọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 3.41 nínú 100 ni. Ẹni tó bá ta géèmù 20, ìdajì-ìdajì ni àǹfààní pé yóò pàdé ẹ̀dá tí ìlò rẹ̀ tó báyìí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e sókè sí 4.52, èyí tó bá géèmù 15 mu. Wọn kò sì ka gbogbo ènìyàn bákan náà: ohun tí olùdíje tó mọṣẹ́ yàn wúwo ju ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ.

Àwọn tí kò mọ̀ a máa rò pé ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ jẹ́ ẹ̀gàn fún ẹ̀dá tó wà nínú rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Bí kò bá sí ìsọ̀rí, ogójì tàbí àádọ́ta ẹ̀dá ni gbogbo ayé yóò máa lò, ọgọ́rọ̀ọ̀rún yòókù yóò sì di ohun ìgbàgbé. Ìsọ̀rí ló fún wọn ní pápá tí iṣẹ́ wọn ti lè hàn.

Síbẹ̀, kíka ìlò ní àbùkù tirẹ̀. Àṣà àwùjọ a máa darí yíyàn, ẹni tó bá ń wo ohun tí ará yòókù ń mú kò ní wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Ìlò kò sì lè sọ bóyá ẹ̀dá kan ti lágbára jù. Nítorí náà ni Smogon fi ìbò kún un: àwọn tó bá dé ipò kan nínú ìdíje ló ń dìbò bóyá kí a yọ ẹ̀dá kan kúrò. Irú ìbò bẹ́ẹ̀ ló lé Garchomp jáde. Nígbà tí àpapọ̀ òǹkà Mega Rayquaza dé 780 ní 2014, kódà ìsọ̀rí tí wọ́n ti ń kó àwọn alágbára jù sí kò gbà á. Wọ́n ní láti dá ìsọ̀rí mìíràn sílẹ̀ lókè rẹ̀.

Ìdíje àgbáyé ti ọdún 2014

Láti 2009 ni ìdíje àgbáyé tí àwọn oníléeṣẹ́ fúnra wọn ń ṣètò ti wà fún géèmù yìí. Ẹ̀dá méjì-méjì ló ń jà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan-ọ̀kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ní ìlú Washington ní Amẹ́ríkà, Se Jun Park ti orílẹ̀-èdè Kòríà Gúúsù gba ife àwọn àgbà. Lára àwọn ẹ̀dá mẹ́fà rẹ̀ ni Pachirisu wà, ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré kan tí àpapọ̀ òǹkà rẹ̀ jẹ́ 405, iye kan náà pẹ̀lú ti Wobbuffet. Kò sí àkójọ òǹkà kankan tó lè dárúkọ rẹ̀ fún irú ìdíje bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Park kò mú un wá kí ó wá lu ènìyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pe ìlù ọ̀tá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí Gyarados tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè rí àyè. Mànàmáná ni Gyarados bẹ̀rù jù lọ. Àdámọ́ Pachirisu sì ń sọ mànàmáná di oúnjẹ fún un. Òfin ọdún náà tún yọ ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí kúrò, nítorí kìkì àwọn tó wà ní ilẹ̀ Kalos inú géèmù ni wọ́n gbà láyè. Kò yẹ kí a wá tìtorí èyí sọ pé Pachirisu dára níbi gbogbo. Ó dára fún iṣẹ́ kan, nínú ẹgbẹ́ kan, lábẹ́ òfin ọdún kan. Ìyẹn sì tó láti gba ife ayé.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀

Ìtàn yìí kò sọ òǹkà di asán. Mewtwo ṣì lágbára, ẹni tó bá sì kọ̀ láti ka òǹkà yóò máa pàdánù. Ohun tó fi hàn ni pé òǹkà jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìdájọ́, kì í ṣe òpin rẹ̀. Adájọ́ tó mọṣẹ́ a máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin: kí ni ẹ̀dá yìí lè ṣe tí ẹlòmíràn kò lè ṣe? Ta ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ta ni yóò pàdé? Lábẹ́ òfin wo? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn bá yí padà, ìdájọ́ náà ní láti yí padà. Ìdí nìyí tí àwọn àkójọ ìsọ̀rí kò fi dúró sójú kan, tí ẹ̀dá tí wọ́n pa tì ní ọdún kan fi lè di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wá ní ọdún kejì.