Àbúrò

Àbúrò ni ẹni tí a bí lẹ́yìn ẹni nínú ẹbí. Ọ̀rọ̀ náà kò yan ọkùnrin tàbí obìnrin, ipò ló ń sọ. Àbúrò ni à ń rán níṣẹ́, òun náà ló sì ń tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n lọ síbi tí àwọn òbí ní kí wọ́n má dé.

Chigozie Obioma, tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́ ní 1986, fi ìtàn The Fishermen (2015) sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ìtàn kúkúrú ni kó tó di odindi ìwé. Benjamin, tó ń ròyìn ìtàn náà, jẹ́ ọmọ ọdún 9, nínú ìdílé Ìgbò kan ní Àkúrẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ gbé bàbá wọn lọ sí Yola, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹja lódò tí wọ́n kà léèwọ̀ fún wọn. Wèrè kan wá sọ fún Ikenna, àkọ́bí, pé apẹja ni yóò pa á. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fura sí àwọn àbúrò rẹ̀.

Ká ní Ikenna ló ń ròyìn ni, ẹjọ́ la ó máa gbọ́. Àbúrò nìkan ló lè fẹ́ràn àwọn tó ń jà lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì jẹ̀bi pẹ̀lú wọn. Ìwé náà wà lára mẹ́fà tó dé ìpele àṣekágbá ẹ̀bùn Man Booker ní 2015.