Ohun Tí Rákẹ́ẹ̀tì Fífúyẹ́ Fún Dìfẹ́ńdà, àti Ohun Tó Gbà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra rákẹ́ẹ̀tì badminton ní Òkè-Odò lónìí, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè dé ọjà Ilé-Epo lẹ́bàá títì Abẹ́òkúta, kó wá èyí tí wọ́n fi irin ṣe, méjì nínú àpò kan, tó wúwo lọ́wọ́. Ó sì lè ṣí fóònù rẹ̀, kó rí èyí tí wọ́n ń polówó pé ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, pé kò sí smash tí kò ní lè dá padà. Owó èkejì yìí kì í ṣe kékeré. Àwa tí kì í ṣe ọmọ olówó, ó yẹ ká béèrè: ṣé òótọ́ ni pé bí rákẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń fúyẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń dára sí i fún dìfẹ́ńdà? Ìtàn dá wa lóhùn pé òótọ́ ni, àmọ́ ó ní ibi tó mọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ẹni tí à ń pè ní dìfẹ́ńdà. Nínú badminton, òun ni ẹni tí kì í kánjú wá àmì ayò. Yóò máa dá shuttle padà, yóò máa gbé e lọ sí ẹ̀yìn pápá, títí yóò fi rẹ ẹni tó kọjú sí i, tàbí tí onítọ̀hún yóò fi ṣàṣìṣe.

Àwọn sójà òyìnbó tó wà ní Índíà ló fún eré yìí ní òfin, ní ìlú Poona, ní nǹkan bí ọdún 1870. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé, ilé ńlá Badminton, tó jẹ́ ti Duke of Beaufort ní Gloucestershire, ló fún un lórúkọ. Ní 1893 wọ́n dá ẹgbẹ́ badminton sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1899 ìdíje All England bẹ̀rẹ̀. Igi ni wọ́n fi ń ṣe rákẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ó sì máa ń ju 100 gíráàmù lọ. Bí ọ̀rinrin bá mú un, ó máa ń wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń há a mọ́ àárín férémù lẹ́yìn eré. Ẹ wá wo dìfẹ́ńdà ayé ìgbà yẹn: smash ń bọ̀ wá bá a láyà, ó sì ní láti fi ọrùn ọwọ́ yí igi tó wúwo lórí padà kó tó ṣẹ́jú. Apá á máa ro ó, rákẹ́ẹ̀tì náà á sì pẹ́ dé.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn jù ni Japan. Ní 1946, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Minoru Yoneyama dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Niigata. Kì í ṣe rákẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe o. Igi tó ń léfòó ni, èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kó má bàa rì. Nígbà tí ti rọ́bà dé, ọjà rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ó ní igi, ó sì ní ọwọ́ tó mọ igi í ṣe. Ní 1957 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe rákẹ́ẹ̀tì badminton. Ilé-iṣẹ́ yẹn ni ayé ń pè ní Yonex lónìí. Irin àti alumíníọ̀mù rọ́pò igi. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1970, carbon ti dé, ohun èlò tó le gan-an àmọ́ tí kò wúwo.

Lóde òní, lẹ́tà U ni wọ́n fi ń sọ ìwọ̀n. 3U jẹ́ 85 sí 89 gíráàmù, 4U jẹ́ 80 sí 84, 5U jẹ́ 75 sí 79. Àwọn tó fúyẹ́ jù kò tiẹ̀ tó 75: Windstorm 72 ti Li-Ning, bí orúkọ rẹ̀ ti wí, 72 gíráàmù ni. Òfin ò dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Ó ní rákẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ gùn ju 680 mìlímítà lọ, kò sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju 230 lọ, àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa bó ṣe yẹ kó wúwo tó.

Kí ni ìfúyẹ́ yìí fún dìfẹ́ńdà? Àkọ́kọ́ ni ìyára. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ní Japan, Satwiksairaj Rankireddy, ọmọ Índíà, gbá smash tó sáré tó kìlómítà 565 láàárín wákàtí kan, Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lóòótọ́, eré shuttle máa ń dín kù kíákíá nínú afẹ́fẹ́, àmọ́ ta ló ráyè ronú? Rákẹ́ẹ̀tì tó bá fúyẹ́ ló tètè ń yí láti ọ̀tún sí òsì, pàápàá nígbà tí èèyàn méjì bá ń gbá a mọ́ méjì, tí wọ́n sì ń gbá a sí yín lára.

Èkejì ni pé kì í tètè rẹ apá. Ní 2017, ní Glasgow, Nozomi Okuhara ti Japan àti P. V. Sindhu ti Índíà fi ìṣẹ́jú 110 gbá àṣekágbá ìdíje àgbáyé. Sindhu ga ju Okuhara lọ dáadáa, síbẹ̀ Okuhara ló borí: 21–19, 20–22, 22–20. Ó ń dá a padà, ó ń dá a padà. A ò sọ pé rákẹ́ẹ̀tì tó fúyẹ́ jù ló lò o. Ohun tí à ń sọ ni pé nínú irú eré bẹ́ẹ̀, gíráàmù márùn-ún pàápàá ní ìtumọ̀ lórí èjìká.

Ó wá ku ohun tí ìfúyẹ́ ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Pápá badminton gùn ní mítà 13.40. Shuttle fúnra rẹ̀ kò wúwo ju 5.50 gíráàmù lọ. Láti gbé e láti ẹ̀yìn pápá tiyín dé ẹ̀yìn pápá ẹlòmíì, agbára ní láti wá láti ibì kan. Orí rákẹ́ẹ̀tì tó wúwo díẹ̀ máa ń mú lára agbára náà wá. Èyí tó fúyẹ́ jù ń sọ pé kí apá yín mú gbogbo rẹ̀ wá. Bí apá ò bá rí i ṣe, àárín pápá ni shuttle á já sí, lókè, níwájú ẹni tó ń wá smash. Ṣé ẹ rí i? Irinṣẹ́ tí ẹ rà torí kí ẹ lè dá smash padà ló tún ń bí smash míì.

Kò tán síbẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé shuttle ò jìnnà mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo ara ju apá, èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ á sì san gbèsè rẹ̀. Bí smash líle bá bà á, rákẹ́ẹ̀tì fífúyẹ́ máa ń mì lọ́wọ́. Bí rákẹ́ẹ̀tì méjì bá sì forí gbárí, èyí tí férémù rẹ̀ tín-ín-rín ló sábà máa ń sán.

Èyí kan àwa náà, nítorí eré yìí ti di tiwa. Abuja ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbá badminton nínú ìdíje gbogbo Áfíríkà, ní 2003. Ní 2019, ní Port Harcourt, Àánúolúwapọ̀ Júwọ̀n Ọpẹ́yọrí di ọba badminton Áfíríkà láàárín àwọn ọkùnrin. Òun àti Godwin Olofua jọ dé Olympics Tokyo; Dorcas Àjọkẹ́ Adéṣọkàn náà wà níbẹ̀. Ní 2024, ní Paralympics Paris, Mariam Ẹniọlá Bọ́lájí gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ badminton níbẹ̀. Ní ìsọ̀rí tirẹ̀, SL3, ìdajì pápá ni wọ́n fi ń gbá eré ẹni kan sí ẹni kan. Nítorí náà, ibi tí ẹ gbé shuttle sí, iwájú tàbí ẹ̀yìn pátápátá, ló ń pinnu nǹkan. Ẹni tí kò lè gbé e dé ẹ̀yìn ti sọ ìdajì ohun ìjà rẹ̀ nù.

Ní Òkè-Odò wa, ìta gbangba ni púpọ̀ nínú wa ti ń gbá a. Gbọ̀ngàn Mọ́ládé Òkóyà-Thomas wà ní Sùúrùlérè, ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Afẹ́fẹ́ ita ò sì mojú ẹnì kan. Ní 2019, àjọ badminton àgbáyé fúnra rẹ̀ gbé AirBadminton jáde ní Guangzhou, pẹ̀lú shuttle tí wọ́n ṣe nítorí afẹ́fẹ́, torí wọ́n mọ̀ pé eré ìta yàtọ̀ sí ti inú ilé. Ní ìta, shuttle nílò ẹni tó máa tì í gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, rákẹ́ẹ̀tì tó fúyẹ́ jù kì í sì ṣèrànwọ́ níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Dìfẹ́ńdà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, 4U ni kó rà, ó pẹ́ tán 5U, kó sì fi owó tó kù ra okùn tó dáa àti bàtà tí kì í yọ̀. Èyí tí kò tó 75 gíráàmù, ẹ fi sílẹ̀ fún ọmọdé tí apá rẹ̀ ò tíì gbó, tàbí ẹni tó ń gbá a nínú ilé, tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé shuttle dé ẹ̀yìn. Bí ọ̀rẹ́ yín bá sì ní ọ̀kan, ẹ yá a kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹ dúró sí ẹ̀yìn pápá, ẹ gbé shuttle sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹnì kan máa wo ibi tó ń já sí. Ibi tó bá já sí ló máa sọ òótọ́ fún yín, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára páálí.