Àwọn Ọmọ Tí “Bí” Dá Dúró: Májẹ̀mú àti Gbèdéke Nínú Òfin Bràsíl

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1857, ìbéèrè kan dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà amòfin nínú ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Bràsíl ní Rio de Janeiro. Ká ní olówó kan kú, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí ẹrúbìnrin òun di òmìnira, àmọ́ kó máa sin ẹnì kan títí ọjọ́ ikú onítọ̀hún. Kí ẹni tó ń sìn tó kú, obìnrin náà bímọ. Ṣé ẹrú ni ọmọ náà, àbí ọmọ òmìnira?

Augusto Teixeira de Freitas, ọmọ bíbí Cachoeira ní Bahia, ni ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Ó ní ẹrú ni. Caetano Alberto Soares, àlùfáà tó tún jẹ́ agbẹjọ́rò, ní ọmọ òmìnira ni. Èrò Soares ló borí, Freitas sì kọ̀wé fipò ààrẹ sílẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lókèèrè lè rò pé Freitas fẹ́ràn oko ẹrú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba ní kó kó àwọn òfin tó wà nílẹ̀ jọ sínú ìwé kan ṣoṣo, ó kọ̀ láti to òfin ẹrú mọ́ wọn, ó ní àbàwọ́n ni. Lójú rẹ̀, àwọn alátakò rẹ̀ ló ń fi ìfẹ́ òmìnira rọ́pò òfin. Àwọn òpìtàn bíi Eduardo Spiller Pena àti Sidney Chalhoub ti tú ìṣèlú inú irú ọ̀ràn báyìí palẹ̀ dáadáa. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn yàtọ̀ díẹ̀: lórí òfin gan-an, láìfi àánú kún un, Soares ló jàre.

Ọ̀ràn náà kò jìnnà sí wa. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nagô ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Salvador, olú ìlú Bahia. Ọ̀pọ̀ wọn rówó ra ara wọn padà. Àwọn mìíràn gba ìwé òmìnira tó ní ọ̀rọ̀ lábẹ́: “lẹ́yìn ikú mi”, “bó bá sìn mí títí dé òpin”. Ìwé ìhágún kì í ṣe àdéhùn ẹni méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin tó ń darí irú ọ̀rọ̀ báyìí nínú rẹ̀ náà ló ń darí rẹ̀ nínú títà, rírà àti yíyá.

Kí ni májẹ̀mú lójú òfin yìí? Ìwé òfin Bràsíl ti ọdún 2002 dáhùn ní abala 121: ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń ṣe àdéhùn fi ọwọ́ ara wọn gbé kalẹ̀, tó so agbára àdéhùn náà mọ́ ohun kan tó wà níwájú, tí kò sì dájú pé yóò ṣẹlẹ̀. Àìdájú yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí ohun náà bá dájú, kódà bí ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ tí yóò dé, kì í ṣe májẹ̀mú mọ́, gbèdéke ni. “Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú yìí” jẹ́ májẹ̀mú. “Lọ́jọ́ tí bàbá mi bá kú” jẹ́ gbèdéke, nítorí kò sí bàbá tí kò ní kú.

Èso méjèèjì kò jọra rárá. Abala 125 sọ pé níwọ̀n ìgbà tí májẹ̀mú tó dá àdéhùn dúró kò bá tíì ṣẹ, ẹni tí à ń retí pé yóò gba ẹ̀tọ́ kò tíì ní in. Abala 131 sọ pé gbèdéke kì í dí ẹni lọ́wọ́ àtiní ẹ̀tọ́. Lílo rẹ̀ nìkan ló ń sún síwájú. Ẹ gbé àwọn abala wọ̀nyí síwájú ìyá ọmọ náà. Bí ikú ẹni tó ń sìn bá jẹ́ májẹ̀mú, ẹrú ni ìyá lọ́jọ́ tó bímọ. Bó bá jẹ́ gbèdéke, ó ti di òmìnira láti ọjọ́ tí olówó rẹ̀ ti kú, gbèsè iṣẹ́ ló kàn wà lọ́rùn rẹ̀. Ikú sì dájú.

Freitas kò ṣi òfin Róòmù tó gbára lé kà o. Digest, ìwé àkójọ òfin tí Justinian, olú ọba Róòmù, gbé jáde lọ́dún 533, fi orúkọ kan ṣoṣo, statuliber, pe ẹni tí òmìnira rẹ̀ so mọ́ ọjọ́ àti ẹni tí tirẹ̀ so mọ́ májẹ̀mú, ó sì ní ọmọ tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá bí, ẹrú àrólé ni. Róòmù fúnra rẹ̀ ló da méjèèjì pọ̀. Òótọ́ ni pé ìwé òfin 2002 kò tíì sí nígbà náà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà ti wà nínú ìwé. Abala 1185 ìwé òfin Faransé ti ọdún 1804, èyí tí Benin àti Togo jogún lọ́wọ́ àwọn amúnisìn, ti sọ pé gbèdéke kì í dá àdéhùn dúró, àsìkò ìmúṣẹ rẹ̀ nìkan ló ń fà sẹ́yìn. Ó ti wà nílẹ̀ fún ọdún 53 kí ẹnikẹ́ni ní Rio tó dìde sọ̀rọ̀.

Àtakò kan wà tó lágbára. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà Freitas lè sọ pé kì í ṣe ikú ni májẹ̀mú, iṣẹ́ ìsìn ni. Ikú dájú, àmọ́ ta ló lè búra pé obìnrin náà ò ní sá lọ? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, oríṣi kejì la dé yìí, májẹ̀mú tó ń tú ká: ẹ̀tọ́ ti wà lọ́wọ́ ẹni, ó lè tún bọ́ bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀. Abala 127 ìwé òfin 2002 gbà pé kí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ máa ṣiṣẹ́ títí ohun náà yóò fi ṣẹlẹ̀. Àtakò náà wá di ẹlẹ́rìí fún Soares, nítorí títí ìyá yóò fi sá, òmìnira ni, ọmọ tó bá sì bí láàárín àsìkò yẹn, inú òmìnira ló bí i sí. Òfin Bràsíl ti ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1871 tilẹ̀ gé e kúrú. Abala rẹ̀ kẹrin ní àìsìn títí dé òpin kò ní ba òmìnira jẹ́ mọ́; wọ́n lè fi ipá mú ẹni náà ṣiṣẹ́ tó kù, ó tán. Ohun tó jẹ́ májẹ̀mú lánàá di gbèsè lásán. (Òfin kan náà ni kò jẹ́ kí olówó gba òmìnira padà mọ́ nítorí “àìmoore”, ohun tí ìwé òfin Potogí ti ọdún 1603 gbà láyè.)

Ìbéèrè mìíràn tí àwọn amòfin fi ń pín májẹ̀mú ni ọwọ́ ta ni ohun tí à ń retí wà. Òmíràn wà lọ́wọ́ òjò tàbí ọjà àgbáyé, òmíràn wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe àdéhùn, òmíràn pín sí ọwọ́ òun àti ẹlòmíràn. Abala 122 ìwé òfin 2002 kọ májẹ̀mú tó fi gbogbo àdéhùn sábẹ́ ìfẹ́ inú ẹnì kan ṣoṣo. “N óò san án bó bá wù mí” kì í ṣe àdéhùn, ẹ̀fẹ̀ ni. Síbẹ̀ abala 509 gba ọjà títà lórí pé kó tẹ́ oníbàárà lọ́rùn: bó tilẹ̀ ti gbé ọjà délé, títà kò tíì pé títí yóò fi sọ pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Àwọn kan rí ìtakora níbí. Kò sí. Oníbàárà ní ohun kan láti ṣe, ìyẹn ni kó dán ọjà wò. Ẹni tó ń sọ pé “bó bá wù mí” kò ní nǹkan kan láti ṣe.

Ọwọ́ tó mú ohun tí à ń retí tún lè dí i. Níbí ni Róòmù ti ṣàánú ẹrú. Bí ìwé ìhágún bá ní kí ẹrú kan fún àrólé ní 10 kó tó di òmìnira, tí àrólé sì kọ̀ láti gba owó náà, ẹrú náà ti di òmìnira nìyẹn. Ìlànà yìí ló wọ abala 1178 ìwé òfin 1804: bí ajigbèsè bá dí májẹ̀mú lọ́wọ́, a kà á sí pé májẹ̀mú ti ṣẹ. Ó dé Scotland pẹ̀lú. Nínú ẹjọ́ Mackay àti Dick, ọdún 1881, ẹnì kan ra ẹ̀rọ ìwalẹ̀ lórí pé kó wa ìwọ̀n ilẹ̀ kan lóòjọ́ kí òun tó san owó. Kò pèsè ilẹ̀ tó yẹ fún ìdánwò náà. Ilé ẹjọ́ àwọn Lọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní kó sanwó, Lord Watson sì jẹ́wọ́ pé òfin Róòmù ni Scotland ti yá ìlànà náà.

Bràsíl náà ní i, ní abala 129, àmọ́ ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un: ẹni tó dí májẹ̀mú gbọ́dọ̀ ti ṣe é pẹ̀lú èrò ibi. Àfikún yẹn kò dára. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ra ilé lórí pé kí báńkì yá òun lówó, ó wá ju ìwé tí báńkì béèrè sínú dúrọ́ọ̀ títí àsìkò fi kọjá. Bó bá jẹ́ ìmẹ́lẹ́ ló fà á, kò sí èrò ibi níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ta ilé yóò sì ṣòfò oṣù tó fi ń dúró. Nínú ẹjọ́ ẹ̀rọ ìwalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wá èrò ibi kiri nínú ọkàn oníbàárà. Wọ́n bi í bóyá ó ṣe ohun tó yẹ kó ṣe kí ìdánwò lè wáyé. Kò ṣe é, ó sì san owó.