Pákó Tí Ìbàdí Rẹ̀ Kò Ṣe Déédéé

Nígbàkúùgbà tí òtútù bá dé ni àwọn ọmọ wa máa ń bẹ̀ wá pé kí á mú wọn lọ sórí òkè láti lọ yọ̀ lórí yìnyín. Àwa tí a bí sí ilẹ̀ olóoru kò kọ́kọ́ rí adùn kankan nínú kí ènìyàn de ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ pákó kan ṣoṣo, kí ó sì máa sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wádìí ìtàn pákó náà, èyí tí wọ́n ń pè ní snowboard, a rí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí á sọ fún ara wa.

Ìtàn náà kò tíì pẹ́. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1965, ní ìlú Muskegon ní ìpínlẹ̀ Michigan, Sherman Poppen so síkì méjì pọ̀ kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lè dúró lé e lórí. Ìyàwó rẹ̀ ni ó sọ ọ́ ní Snurfer. Ní 1977 Jake Burton Carpenter dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Vermont. Tom Sims náà ń ṣe tirẹ̀ ní Kalifóníà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni òkè síkì ni kò tilẹ̀ fẹ́ fi ojú kan wọn nígbà náà.

Nígbà tí wọ́n gbà wọ́n láyè tán, àwọn kan, pàápàá ní Yúróòpù, bẹ̀rẹ̀ sí í gun pákó yìí ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní carving. Àyà pákó kọ́ ni wọ́n fi ń gbá yìnyín kiri. Etí rẹ̀, tí a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí, ni wọ́n ń dà á lé, tí yóò sì máa fa ilà tínrín tí ó tẹ̀ bí ọrun lẹ́yìn wọn. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yóò mọ ohun tí à ń wí: bí ọ̀bẹ bá yẹ̀ díẹ̀, ilà ti bàjẹ́. Fífín ni àwa yóò máa pè é.

Ibi fífín yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ dìde dúró nínú yàrá yín, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì bí ẹni tí ó dúró lórí pákó tóóró, kí ẹ sì yí ẹsẹ̀ méjèèjì díẹ̀ sí ọ̀nà iwájú. Ẹ wolẹ̀ wàyí. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ọmọ ìka ti sún síwájú. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, gìgísẹ̀ ti wà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni pákó máa ń fún ní ìbàdí, nítorí ìbàdí yẹn ni ó ń jẹ́ kí ó yí bí a bá dà á lé etí. Bí ìbàdí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá wà ní ọ̀gangan kan náà, ìtẹ̀sí ọmọ ìka àti ìtẹ̀sí gìgísẹ̀ kò lè bọ́ sí àárín rẹ̀ bákan náà. Àwọn oníṣẹ́ wá fa ìbàdí ìhà gìgísẹ̀ sẹ́yìn. Pákó náà wọ́ lójú, ṣùgbọ́n ó bá ara ènìyàn mu. Asymmetric ni wọ́n ń pè é.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, orúkọ José Fernandes, ọmọ Switzerland, lọ káàkiri pẹ̀lú irú pákó yìí. Burton náà ṣe èyí tí wọ́n pè ní PJ, láti inú orúkọ Peter Bauer ará Jámánì àti Jean Nerva ará Faransé.

Kí ló wá dé tí a kò fi rí i mọ́? Bàtà ọ̀tún kò wọ ẹsẹ̀ òsì, ṣùgbọ́n méjèèjì ni à ń tà pọ̀. Pákó yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí a ṣe fún ẹni tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà níwájú kò wúlò fún ẹni tí ó ń gbé ọ̀tún síwájú, nítorí náà oníṣọ́ọ̀bù ní láti kó oríṣi méjì fún gígùn kọ̀ọ̀kan. (Ẹlẹ́sẹ̀ òsì níwájú ni wọ́n ń pè ní regular, ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún ni goofy, bí ẹni pé orí rẹ̀ kò pé. Nílé wa, ọwọ́ òsì ni wọ́n máa ń gbá; níhìn-ín, ọ̀tún ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́!) Àwa kò gbà pé ọ̀rọ̀ owó nìkan ni ó pa á. Pákó àwọn eléré ìje ń tóóró sí i, ẹsẹ̀ sì ń kọjú síwájú sí i, títí àǹfààní ìbàdí tí a fà sẹ́yìn fi dín kù. Nígbà tí eré yìí wọ Òlíḿpíìkì ní Nagano ní 1998, tí Ross Rebagliati ará Kánádà gba wúrà, pákó tó ṣe déédéé ni ó ti gba òde.

Síbẹ̀ àwọn kan ń ṣà á jọ, wọ́n sì ń gùn ún. Iṣẹ́ ńlá ni. Ihò tí a fi ń de bàtà mọ́ pákó àtijọ́ kì í sábà bá ti ìsinsìnyí mu, ike ara bàtà líle àtijọ́ sì lè fọ́ lójijì lẹ́sẹ̀ ẹni. Ohun tí ó máa ń dun àwọn akójọ jù ni kí ènìyàn rí pákó tí ó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́, kí ó sì jẹ́ ti ẹsẹ̀ kejì. Orí ògiri ni irú èyí ń lọ.

Àwọn bíi Gnu ti tún gbé ọgbọ́n náà dìde lọ́nà mìíràn: wọ́n fín etí gìgísẹ̀ jinlẹ̀ ju ti ọmọ ìka lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe orí àti ìdí pákó bákan náà, kí ọlọ́tùn-ún àti olósì lè gùn ún. Ẹ kò rí i pé wàhálà oníṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́kọ́ yanjú?

Bí ọmọ yín bá rí pákó àtijọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù, ẹ gbé e nàró, kí orí rẹ̀ wà lókè, kí ojú rẹ̀ kọ sí yín. Bí ìbàdí ọwọ́ òsì yín bá wálẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, ti ẹlẹ́sẹ̀ òsì níwájú ni. Bí ti ọ̀tún ni ó wálẹ̀, ti àwọn tí wọ́n ń pè ní goofy ni. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ọmọ náà ẹsẹ̀ wo ni ó ń gbé síwájú.