Ẹ̀kọ́ Orin ní Ọgbà Ẹ̀wọ̀n: Láti Ìgbà Àbà Títí Dé Òfin Ọdún 2019

Ìtàn orin láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n nílẹ̀ Yorùbá kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn ọgbà ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀, nítorí pé ibikíbi tí wọ́n bá há ènìyàn mọ́, orin ni ohun tí ẹni náà lè dá sílẹ̀ láìtọrọ irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, orin tí ẹlẹ́wọ̀n fi ń pa ìrònú rẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí àlejò wá kọ fún un, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí orin tí olórin yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti wá fi kọ́ ọ láìgba kọ́bọ̀. Irú kẹta yìí ló pẹ́ jù kó tó dé, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù, nítorí pé òun nìkan ló lè bá ẹlẹ́wọ̀n padà sílé. Ìtàn rẹ̀ ń fi hàn pé ọ̀nà tí àwọn ìlú bíi Tápà ti ń gbà kọ́ ọmọ ní ìlù láti ìgbà pípẹ́ bá iṣẹ́ yìí mu ju ọ̀pọ̀ ètò tí ìjọba gbé kalẹ̀ lọ.

Tápà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí wọ́n ń pè ní Ìbàràpá Méje, èyíinì ni Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán. Kí ìjọba òyìnbó tó dé, irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ kò ní ilé tí wọ́n ń sé ènìyàn mọ́ fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá láti fi jẹ ẹ́ níyà. Ẹni tí ẹ̀sùn ńlá bá kàn lè wà nínú túbú, ìyẹn àtìmọ́lé ní ààfin tàbí ní ilédì tí í ṣe ilé ìpàdé àwọn Ògbóni, wọ́n sì lè kan àbà, igi oníhò tí ń di ẹsẹ̀ mú, mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ títí ìdájọ́ yóò fi wáyé. Lẹ́yìn ìdájọ́, owó ìtanràn, lílé kúrò nílùú, títà sóko ẹrú tàbí ikú ni ìyà tó tọ́ sí ẹlẹ́bi. Orin pàápàá wà lára ohun tí wọ́n fi ń báni wí, nítorí pé ní àsìkò ọdún Òkèbàdàn ní Ìbàdàn, àti ní alẹ́ ẹ̀fẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, akọrin ní àṣẹ láti tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́ ní gbangba. Ìyà tí orin ń fi jẹni yìí kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò láwùjọ, nítorí pé àárín àwọn tó mọ̀ ọ́n ni ẹlẹ́ṣẹ̀ ti ń gbọ́ ìbáwí, àárín wọn náà ni ó sì ti ń tún ìwà rẹ̀ ṣe.

Ní ti ẹ̀kọ́ orin, ọwọ́ àwọn ìdílé Àyàn, ìyẹn àwọn ìdílé onílù tí orúkọ ọmọ wọn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, ni èyí tó jinlẹ̀ jù wà. Ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyáàlù, àgbà ìlù tí ń sọ̀rọ̀ nínú ọ̀wọ́ dùndún. Orí àwọn ìlù kéékèèké tí ń gbè é lẹ́yìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí yóò ti máa lu ìró kan náà láìyẹsẹ̀, tí yóò máa tẹ́tí sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí yóò sì mọ ìgbà tó yẹ kó wọlé àti ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Òde tí ẹgbẹ́ ń lọ ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àgbà tó ń kọ́ ọ sì ń mú sùúrù fún un títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dá ṣáṣá, débi pé nígbà tí ó bá mọ ìlù tán, ó ti mọ oríkì, òwe àti ipò ara rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n irú ti òde òní bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọlé lẹ́yìn tí wọ́n gba Èkó ní 1861. Èyí tó lókìkí jù ni ti Broad Street, tí wọ́n kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sì fi koríko bò, kí wọ́n tó fi bíríkì tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún un kọ́ ní 1885. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ Freedom Park, ọgbà ìgbafẹ́ tó wà níbẹ̀ lónìí, £16,000 ni ìjọba ná lórí iṣẹ́ náà nígbà tí owó tó yà sọ́tọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ jẹ́ £700. Ní àárín ilẹ̀, àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tiwọn tí kóòtù ìbílẹ̀ ń rán ènìyàn sí, títí ìjọba àpapọ̀ fi gbà wọ́n mọ́ tirẹ̀ ní 1968. Iṣẹ́ ni wọ́n ń lo ẹlẹ́wọ̀n fún jù ní gbogbo ibẹ̀, bíi títún ọ̀nà ṣe àti ríro igbó, orin tó bá sì dún níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn ló dá a sílẹ̀.

Ìyípadà dé nígbà tí R. H. Dolan di olùdarí ẹ̀ka ọgbà ẹ̀wọ̀n ní 1946. Ní àsìkò rẹ̀ ni wọ́n sọ pípín ẹlẹ́wọ̀n sí ìsọ̀rí di dandan, tí wọ́n gba ẹbí láàyè láti máa bẹ̀ wọ́n wò, tí wọ́n ṣètò eré ìdárayá, tí wọ́n sì ní kí àwọn òjíṣẹ́ ìsìn àti olùkọ́ tó kúnjú òṣùwọ̀n máa wá kọ́ wọn ní ìwé àti ìwà rere, yálà ti Kìrìsìtẹ́nì tàbí ti Mùsùlùmí. Ilẹ̀kùn yìí ló ṣí sílẹ̀ fún orin gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́, nítorí pé ẹni tí yóò bá bá ẹgbẹ́ kọ orin ìsìn ní láti kọ́ ohùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti bí a ṣe ń dúró de ẹlòmíràn.

Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ló mú kí gbogbo ayé gbọ́ ohun tí ń lọ nínú àhámọ́. Lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá tì í mọ́lé ní Alágbọn Close ní Èkó, ó fi orúkọ ibẹ̀ sọ àwo orin kan ní 1974, ó sì gba orúkọ tí àwọn tó bá níbẹ̀ fi ń pe yàrá wọn, Kàlàkútà, ó fi sọ agboolé tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1984, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún lórí ẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1986. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn Kàlàkútà ni pé àwọn tó wà ní àhámọ́ ti ní ọ̀rọ̀ àti ẹgbẹ́ tiwọn kí olórin tó dé, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kọ́ wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́tí sí wọn.

Ní òkè òkun, Johnny Cash kọrin ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Folsom ní California ní 1968, B.B. King sì kọrin ní Cook County Jail ní Chicago ní 1970. Àwo méjèèjì lókìkí, ṣùgbọ́n àwọn olórin náà kọrin tán, wọ́n sì lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ Irene Taylor Trust, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, gba ọ̀nà mìíràn, ó ń mú kí olórin bá ẹlẹ́wọ̀n jókòó kí wọ́n lè jọ ṣẹ̀dá orin tuntun. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Zomba ní orílẹ̀-èdè Màláwì, níbi tí Ian Brennan ọmọ Amẹ́ríkà ti gba orin àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti wọ́dà sílẹ̀ fún àwo kan tó jáde ní 2015, àwọn ọkùnrin ti ní ẹgbẹ́ àti ohun èlò, àwọn obìnrin sì kọ́kọ́ sọ pé àwọn kò mọ orin í ṣẹ̀dá. Ìgbà tí ọ̀kan gbóhùn sókè ni àwọn yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n sì yan àwo náà fún ìdíje Grammy.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2019 yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí iléeṣẹ́ tí ń tún ìwà ṣe, ó fi ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ kún ojúṣe rẹ̀, ó sì la ọ̀nà fún ìjìyà tí kò ní àhámọ́ nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ọgbà Abọ́lóńgo ní Ọ̀yọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, iléeṣẹ́ náà sọ pé 907 ènìyàn ló wà níbẹ̀, pé 64 péré ni ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi, àti pé àwọn 843 yòókù ń retí ìdájọ́. Olùkọ́ orin tó bá wọ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ kò lè gbára lé ètò ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta, nítorí pé ẹni tó ń kọ́ lónìí lè lọ sí kóòtù lọ́la kó má sì padà wá. Níbí ni ọgbọ́n ìdílé Àyàn ti wúlò, nítorí pé nínú ọ̀wọ́ dùndún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè rí ìlù kékeré kan fi gbè lẹ́yìn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó bá lọ kò sì ní mú kí ẹgbẹ́ tú ká, nígbà tí ẹni tó pẹ́ jù níbẹ̀ yóò di àgbà tí ń kọ́ àwọn yòókù.

Láti 2010 ni ọgbà Broad Street ti di Freedom Park, tí pèpéle orin sì wà níbi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn tẹ́lẹ̀. Ohun ìwúrí ni, àmọ́ lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti kúrò níbẹ̀ ni orin tó gba ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn àti ti Abọ́lóńgo lónìí nílò rẹ̀ nísinsìnyí. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn onílù àti olórin láti àwọn ìlú tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti wá, títí kan Tápà àti gbogbo Ìbàràpá, wà lára àwọn tí ń lọ kọ́ wọn, nítorí pé àwọn náà ni yóò tún pàdé wọn níbi ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà. Bí ẹgbẹ́ onílù ìlú bá ṣetán láti fi ìlù lé ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn, àtúnṣe ìwà tí òfin ń sọ yóò di ohun tí ìlú fúnra rẹ̀ ń ṣe.