Ọ̀nà Ọ̀yọ́ àti Eyín Ọmọ Fìdítì

Bí ihò bá lu eyín ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá rẹ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. A ó ní kò fọ ẹnu ọmọ, ó ń ra súìtì fún un, ó gbà á láyè jù. Ìtàn Fìdítì àti àwọn ìlú tó wà nítòsí rẹ̀, Ìlọrà, Awẹ́, Akínmọ̀rìn àti Jọ́bẹ̀lẹ̀, kò gbe ìdájọ́ yìí lẹ́yìn. Nígbà tí eyín ọmọdé ṣì le koko ní àgbègbè yẹn, àwọn ìyá ibẹ̀ kò gbọ́n ju ìyá òde òní lọ. Ohun tó ń ba eyín jẹ́ ni kò tíì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìgbà tó sì dé, ọwọ́ ìyá kọ́ ló gbà wọlé. Ìjọba ló la ọ̀nà fún un, oníṣòwò ló kó o wá, ilé iṣẹ́ ló rọ ọ́ sínú ìgò, ilé ẹ̀kọ́ ló sì kó àwọn ọmọ jọ sójú kan tí a ti ń tà á fún wọn. Èrò mi ni pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní àṣẹ lórí ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ ni ojúṣe dídáàbò bo eyín ọmọ ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan ìyá nínú ilé. Ìyá ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀, n kò sì ní fojú fò ó, àmọ́ òun ló gbẹ̀yìn nínú ìlà, òun náà sì ni a ń bá wí jù.

Kí ọ̀nà mọ́tò tó dé, orín ni gbogbo agboolé fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Orín àtà wà, èyí tó máa ń ta ẹnu títí ètè yóò fi kú tipiri. Pákò Ìjẹ̀bú wà, orín ìdí àti orín ayìn wà, àwọn mìíràn sì fẹ́ràn igi ewúro nítorí kíkorò rẹ̀. A ó bó èèpo orí igi náà, a ó máa rún un lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fẹ́ bí ìgbálẹ̀, a ó wá máa fi gbá eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, níwájú àti lẹ́yìn, itọ́ yóò máa sun, a ó sì máa tu ú dànù. Àgbàlagbà lè run orín láti ìdájí títí oòrùn yóò fi yọ. Ọmọdé kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò níbi tó fẹ́ sá sí, nítorí ẹni tí kò bá tíì fọ ẹnu kò gbọdọ̀ lọ kí àgbà. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ nìkan ló lè dá a padà. Bàbá àgbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà lè dá a padà, ìyàwó ilé kejì lè dá a padà, ẹ̀gbọ́n tó ń gbálẹ̀ lè dá a padà. Ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń tọ́ ọ, ní ti ẹnu fífọ̀ sì rèé, igba ènìyàn náà ń ṣiṣẹ́ wọn láràárọ̀. Orín yìí gan-an kì í ṣe igi lásán. Ní 1971, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí Sofowora wà lára wọn, tẹ àyẹ̀wò jáde tó fi hàn pé omi inú oríṣiríṣi orín ilẹ̀ wa ń pa kòkòrò àìfojúrí. 

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dánu dúró sí nìyẹn. Wọ́n á ní orín ló pa eyín àwọn baba wa mọ́, kí a sáà padà sídìí orín, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo bọlá fún orín, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò gbà pé òun nìkan ló ṣe é. Ní 1967, Aubrey Sheiham, oníṣègùn eyín tó ṣe ìwádìí káàkiri láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà, tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: eyín tó jẹrà kò pọ̀ lẹ́nu wọn rárá, bí a bá fi wé ti àwọn ará Yúróòpù. Ní 1974, Cyril Enwonwu, oníṣègùn eyín mìíràn, fi kún un pé ipò ènìyàn láwùjọ ń hàn nínú ẹnu rẹ̀. Àwọn tó rọ́wọ́ họrí, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ òyìnbó, ni eyín wọn ń jẹrà ju ti ará oko lọ. Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ọmọ ọlọ́rọ̀ ìgbà náà ló ní búrọ́ọ̀ṣì, òun ló ní ọṣẹ ìfọyín, òun ni ìyá rẹ̀ kàwé. Síbẹ̀ òun ni eyín rẹ̀ ń jẹrà. Bó bá jẹ́ pé ìmọ́tótó ìyá nìkan ló ń pinnu, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà. Ohun tí ọmọ ọlọ́rọ̀ ní tí ọmọ àgbẹ̀ kò ní ni ṣúgà.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Kòkòrò àìfojúrí wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Bí ṣúgà bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á sọ ọ́ di omi kíkan, omi yìí á sì máa fà lára eyín fún bí ìlàjì wákàtí kí itọ́ tó borí rẹ̀, kí ó sì dá ohun tó fà padà. Bí ọmọ bá jẹ ohun dídùn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ, itọ́ rí àyè ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń lá a láti àárọ̀ títí di alẹ́, itọ́ kò rí àyè mọ́. Àmì funfun bí ẹfun ló kọ́kọ́ máa ń hàn nítòsí ìdí eyín, tí ènìyàn kì í kà sí. Á di àwọ̀ ilẹ̀, á rọ̀, ihò á wá là. Láàárín ọdún 1945 sí nǹkan bí 1953, wọ́n fi ìyà jẹ àwọn aláìsàn tí ọpọlọ wọn kò pé ní ilé ìtọ́jú Vipeholm ní Sweden láti fi wádìí èyí. Wọ́n ń fún wọn ní súìtì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, eyín wọn sì bàjẹ́ kọjá sísọ. Ìwà tí kò yẹ ọmọlúàbí ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un ṣe. Ohun tí wọ́n fi ìrora àwọn yẹn rí ni pé iye ìgbà tí adùn ń kan eyín lójúmọ́ lágbára ju ìwọ̀n adùn náà lọ. Nítorí náà, ọjà tí ń rí sí i pé adùn ò tán lọ́wọ́ ọmọ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ni ọ̀tá eyín gan-an.

Báwo ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe dé Fìdítì? Ní 1901 ni ọkọ̀ ojúurin láti Èkó wọ Ìbàdàn. Ní nǹkan bí 1906, ìjọba amúnisìn la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, èyí tí àwọn òpìtàn kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, Fìdítì sì wà lójú ọ̀nà náà gan-an. Ìlú náà fi ọgbọ́n lo ọ̀nà yìí. Èso ló sọ ọ́ di ìlú tí gbogbo awakọ̀ mọ̀: ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbálùmọ̀ nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó, tí àwọn obìnrin tò sórí àtẹ lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n sì ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Nígbà tí ọsàn ń lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, ṣúgà oníhóró ń bọ̀ láti ibẹ̀ pẹ̀lú mílíìkì inú agolo àti bísíkíìtì. Ní 1951 ni wọ́n dá Nigerian Bottling Company sílẹ̀, ní 1953 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola sí ìgò ní Èkó. 7Up tẹ̀lé e ní 1960. Ìjọba alára dá ilé iṣẹ́ ṣúgà sílẹ̀ ní Bacita, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ṣúgà jáde ní 1964. N kò sọ pé ibi ni wọ́n gbèrò. Ìdàgbàsókè ni wọ́n ń lé, iṣẹ́ sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìpinnu gbangba ni gbogbo rẹ̀, kò sí ìyá kankan ní Fìdítì tí wọ́n pè sí àpérò.

Ẹnìkan lè ní èso gan-an dùn, kí ló dé tí mi ò dá ọlọ́sàn lẹ́bi? Adùn inú ọsàn wà nínú ẹran ara rẹ̀. Ẹni tó bá fa á mu, tó jẹ ẹran rẹ̀, ń sun itọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́, fọ́nrán rẹ̀ kì í sì í lẹ̀ mọ́ eyín bíi súìtì. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń bó ọsàn tà kò wà nínú ewu nítorí ọsàn. Ó wọ inú ewu nígbà tí owó ọsàn bá di owó ẹlẹ́rìndòdò, èyí sì ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ìgò tutù wà lórí yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ èso, tí aṣọ ìpolówó ràgàjì so sókè orí rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń polówó ọsàn lórí rédíò.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955 tún ọ̀rọ̀ yìí tò lọ́nà tí a kì í sábà kíyè sí. Ọmọ kúrò lójú agboolé láti àárọ̀ kùtù, ó bọ́ sábẹ́ ojú olùkọ́. Àwọn olùkọ́ mọ̀ pé ẹrù ti bọ́ sọ́rùn wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to àwọn ọmọ sórí ìlà, tí wọ́n ń yẹ èékánná wò, tí wọ́n ń yẹ irun wò, tí wọ́n ń ní kí ọmọ ya ẹnu kí wọ́n rí eyín rẹ̀. Ẹni tí eyín rẹ̀ bá pọ́n á jẹgba. Àyẹ̀wò náà dára, àmọ́ ó mọ lórí ìdọ̀tí. Nígbà tí agogo ìsinmi bá lù, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu fún àyẹ̀wò á sáré lọ sídìí ọgbà, níbi tí bàbá dúdú, gúrúndì, súìtì àti omi aláwọ̀ inú ọ̀rá wà. Àwọn tó ń tà á ń wá oúnjẹ ọmọ tiwọn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé ẹ̀kọ́ ti gba àṣẹ lórí ẹnu ọmọ láti ọjọ́ yìí wá. Ó gba àṣẹ náà láti fi nà án, kò gbà á láti fi dáàbò bò ó.

Àtakò tó lágbára jù ni èyí: ta ló fún ọmọ lówó súìtì, ta ló fi ìgò wàrà aládùn sẹ́nu rẹ̀ kí ó tó sùn? Òbí ni. Òótọ́ ni, kò sì sí òfin tó lè wọ inú yàrá lálẹ́ lọ gba ìgò lẹ́nu ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òbí nìkan ló lè rí i pé ọmọ fọ ẹnu kí ó tó sùn. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹnìkan lẹ́bi, ó yẹ kí ó mọ̀, kí ó sì lágbára àtiṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́fà máa ń hu eyín ńlá kan lẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn àwọn eyín ọmọdé, láìjẹ́ pé eyín kankan ká níbẹ̀. Èyí tó máa bá a dọ́jọ́ ogbó ni. Àìmọye òbí rò pé yóò ká bíi ti iwájú, wọ́n á sì jẹ́ kó jẹrà. Ta ló sọ fún wọn? Ilé ìwòsàn UCH tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1957 ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín, àmọ́ ẹni tí eyín ń ro ló ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀, ìgbà yẹn ọ̀rọ̀ ti kọjá ìdènà. Lọ́jà, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ayọkòkòrò-eyín ṣì ń fi ewé àti èéfín fi kòkòrò han ìyá ọmọ, bẹ́ẹ̀ oníṣègùn eyín Pierre Fauchard ti kọ ọ́ ní ilẹ̀ Faransé láti 1728 pé òun kò rí kòkòrò kankan nínú eyín tó jẹrà. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, èyí tó ń ran eyín lọ́wọ́ láti le padà, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí ní 2021. Oògùn kòṣeémánìí ni wọ́n pè é, síbẹ̀ ní Fìdítì ìyá ló ń ná an lọ́jà gẹ́gẹ́ bí ọṣẹ ìwẹ̀.

Bí ìjọba bá gba ojúṣe yìí, ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá ti hàn níbòmíràn. Ní Scotland, ètò Childsmile gbé búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ oní-fluoride lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré, tí wọ́n ń fọ eyín lójoojúmọ́ lójú olùkọ́. Ní 2003, ọmọ 45 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni eyín wọn kò ní ihò tó hàn. Ní 2020 wọ́n ti lé ní 73. Àwọn òbí Scotland kò yí padà di ẹlòmíràn láàárín ọdún 17. Àwọn kan á ní ibà ń pa ọmọ ní tiwa, eyín kì í pa ọmọ, ìjọba ìbílẹ̀ kò sì lówó. Ọmọ tí eyín ń ro kò lè jẹun, kò lè sùn, kò lè kàwé. Fífọ eyín ní kíláàsì kò sì gba owó oògùn ibà kankan. Ní ti owó, Òfin Ìṣúná ti 2021 ti fi náírà 10 owó orí sórí lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò, náírà 5 lórí ìgò onílàjì lítà. Owó náà ń wọ àpò ìjọba lórúkọ ìlera, n kò sì tíì gbọ́ pé búrọ́ọ̀ṣì kan ti inú rẹ̀ jáde fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ní ti àṣẹ, Àfikún Kẹrin Ìwé Òfin 1999 ti ka ètò ọjà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fún un ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Ìjọba ìbílẹ̀ Afijio tó fìdí kalẹ̀ sí Jọ́bẹ̀lẹ̀ kò nílò òfin tuntun kí ó tó pinnu ohun tí wọ́n lè tà lẹ́nu ọgbà ilé ẹ̀kọ́, tàbí kí ó tó bèèrè lọ́wọ́ Ìbàdàn àti Àbújá pé kí wọ́n dá lára náírà 10 yẹn padà sójú ọ̀nà tí wọ́n gbé ìgò náà gbà wá.