Ètò Mágásíìnì lórí Tẹlifíṣọ̀n àti Àwọn Tí Ń Kọ́ Ọ

Kò pẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní ìlú London tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi rí i pé ohun kan ṣoṣo kì í tó mú ènìyàn jókòó pẹ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù November, ọdún 1936, ni BBC ṣí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn ní Alexandra Palace. Ní oṣù October tí ó ṣáájú ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán ètò kan wò, tí Cecil Madden jẹ́ olóòtú rẹ̀, tí wọn sọ ní Picture Page. Bí àtẹ òǹtajà ni ètò náà rí: kò sí ọjà tí ó pọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni. Òṣèrébìnrin kan tí a bí ní Kánádà, Joan Miller, a jókòó níwájú pátákó tẹlifóònù, a máa ṣe bí ẹni pé òun ni ó ń so olùwòran pọ̀ mọ́ àlejò. Bí ó bá ti fa okùn kan yọ, tí ó sì ki òmíràn bọ ihò, àlejò mìíràn ti dé nìyẹn. Ọgbọ́n kékeré ni lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà. Lójú tèmi, òun ni gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí ẹnikẹ́ni lè kó ohun márùn-ún jọ. Bí a ó ti ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì láìjẹ́ kí olùwòran mọ̀ pé a fò, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní Amẹ́ríkà, Sylvester Weaver ti ilé iṣẹ́ NBC gbé ètò Today kalẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù January, ọdún 1952, tí Dave Garroway sì jẹ́ atọ́kùn rẹ̀. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, nínú sítúdíò tí ó ní fèrèsé gíláàsì ńlá, tí àwọn tí ń kọjá lọ ní ìgboro New York fi lè dúró wo wọn. Àwọn oníwèé ìròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ gba tiwọn níbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1953 ni wọ́n mú ìnàkí kékeré kan wọlé, owó ìpolówó ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé dáadáa. Mo fi ìtumọ̀ ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tí ó mọ̀ nípa ọmọ aráyé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹlifíṣọ̀n a máa pa ẹnu mọ́ láti aago mẹ́fà sí méje ìrọ̀lẹ́ kí àwọn òbí lè rí àyè tẹ́ ọmọ wọn sùn. Nígbà tí wọ́n fi òpin sí èyí ní oṣù February, ọdún 1957, ètò Tonight ti Cliff Michelmore ni BBC fi dí àlàfo náà.

Ní ọjọ́ 31 oṣù October, ọdún 1959, ni WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a sì rí ojú Àníkẹ́ Àgbájé-Williams lórí rẹ̀. Enugu tẹ̀ lé e ní ọdún 1960, Kaduna àti Èkó sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1962. Kò tíì sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ wa tí a dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nígbà náà. Bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń kọ́ iṣẹ́ lẹ́bàá ẹwìrì ni ọ̀pọ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó di ọdún 1980 kí NTA tó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Jos.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ní irú ibẹ̀? Kì í ṣe kámẹ́rà ló yẹ kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, bí kò ṣe ìwé. Ká sọ pé ètò ìṣẹ́jú 27 ni a fẹ́ ṣe, láti aago méje alẹ́. Orin ìbẹ̀rẹ̀ gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ìkíni gba ìṣẹ́jú kan, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gba méje, fíìmù nípa àwọn amọ̀kòkò gba márùn-ún, oúnjẹ sísè gba mẹ́fà, akọrin gba mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ gbogbo gba méjì, ìdágbére gba ìṣẹ́jú kan, orin ìparí gba ààbọ̀. Ẹ rò ó pọ̀, 27 ni. Nísinsìnyí, ẹ̀yìn ni a ó ti kà á wá. Ìdágbére gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago 7:25 àti ààbọ̀, nítorí náà akọrin gbọ́dọ̀ ti ẹnu bọ orin ní 7:21 àti ààbọ̀, ì báà jẹ́ pé àlejò àkọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ dídùn, ì báà jẹ́ pé ata kò tíì jinná.

Lẹ́yìn èyí ni a óò pín iṣẹ́. Olùdarí jókòó sí yàrá ọ̀tọ̀ níwájú àwọn àwòrán kámẹ́rà, ó ń sọ èyí tí ó fẹ́. Ẹnìkan ń tẹ bọ́tìnnì tí ó gbé e jáde. Akọ̀wé ń ka aago sókè. Nínú sítúdíò, alákòóso tí ó fi ẹ̀rọ bo etí ń fi ìka sọ fún atọ́kùn pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ku méjì, ó ku ọ̀kan. Bí ó bá ń yí ọwọ́ po, ó ní kí ó máa parí ọ̀rọ̀. Bí ó bá fi ọwọ́ gba ọrùn kọjá, ó tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fẹ́ gbọ́ràn sí ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu kò lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ohun kan ń kọ mí lóminú. Ẹ̀rọ òde òní ti mú kí gígé àti lílẹ̀ àwòrán rọrùn, àwọn olùkọ́ mìíràn sì ń jẹ́ kí àwọn ọmọ gba wákàtí mẹ́ta sílẹ̀, kí wọ́n wá ti inú rẹ̀ ṣa ìṣẹ́jú 27 jáde. Kò burú fún iṣẹ́ fíìmù. Ṣùgbọ́n àwọn ará Alexandra Palace kò ní téèpù àwòrán kankan. Ọdún 1956 ni ilé iṣẹ́ Ampex ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n bá ṣe ni ayé rí lójú ẹsẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi orí ro ó kí wọ́n tó ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ̀ pé òun yóò tún un ṣe kì í ronú bẹ́ẹ̀, àṣà náà a sì bá a dé ẹnu iṣẹ́, níbi tí kò sí àtúnṣe fún ètò tí ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí kò ní kámẹ́rà kan ní ilé ìwé yín lè fi tábìlì kan, àga mẹ́rin àti aago ara ògiri bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé ihò onígun mẹ́rin sínú páálí mẹ́ta, kí ọmọ mẹ́ta máa gba ibẹ̀ wò bí kámẹ́rà, kí ẹ sì má ṣe dá ètò náà dúró nítorí àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Ní ìgbà àkọ́kọ́, aago méje kọjá ìṣẹ́jú 27 yóò lù, akọrin yóò sì wà lórí ìdúró lẹ́bàá ògiri, tí kò tíì la ẹnu. Ní ìgbà kejì, àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò máa wo aago.